Ọ̀rọ̀ Méjìlá tí Mo Kà fún Bàbá Mi

Bàbá mi kì í kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Télọ̀ ni wọ́n, ní Kabong, nínú ṣọ́ọ̀bù onípáánù kan tó kọjú sí títì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Jos kí wọ́n tó bí mi. Bí oníbàárà bá wọlé, wọn a ta téèpù sí i lọ́rùn, sí èjìká, sí ìbàdí, wọn a máa sọ nọ́ńbà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ara wọn, ó parí náà nìyẹn. Ẹni náà lè lọ ṣe ọdún méjì ní Màídúgùrì kó tó padà. Bó bá dé, wọn a wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọn a ní, "O ti fi íńṣì kan sanra," wọn a sì gé aṣọ. Aṣọ náà máa ń bá a mu.

Èmi ò jogún irú orí bẹ́ẹ̀. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù mẹ́ta, mo kúrò, kò sí ìtàn gígùn níbẹ̀: ìwé ò wọlé. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń rán etí aṣọ, mò ń ṣe ihò bọ́tìnnì. Àwọn ọmọ Hausa ni mo bá gbá bọ́ọ̀lù dàgbà, nítorí náà Hausa ló yá mi lẹ́nu jù. Yorùbá mi dára tó nílé, ṣùgbọ́n bí ìbínú bá dé tàbí bí mo bá ń kánjú, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ríṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mi ò tíì pé ogún ọdún.

Obìnrin ará Èkìtì kan wà tí wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì, Rantya ni wọ́n ń gbé. Wọ́n gbé aṣọ wá fún Bàbá lọ́dún kan, wọ́n tún gbé òmíràn wá lọ́dún kejì. Nígbà tí wọ́n na apá méjèèjì pé kí Bàbá ta téèpù sí àwọn, Bàbá ò dìde.

"Ẹ fi apá yín sílẹ̀, mà. Mo ti wọ̀n yín."

"Ẹ ti wọ̀n mí? Nígbà wo?"

"Nígbà òjò èṣí."

"Ẹ kọ ọ́ síwèé ni?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?" Bàbá fi ìka gbá fìlà wọn lẹ́ẹ̀mejì. "Ibí ló wà."

Bàbá fi aṣọ náà rán bùbá, ó bá obìnrin náà mu bíi pé ara wọn ni wọ́n ti hun ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, obìnrin yẹn padà wá, aṣọ ò sí lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè ni wọ́n gbé wá. Ọkùnrin Hausa tó ń ta fìlà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Máláàmù, ti gbọ́ pé Dókítà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Kó tó di pé wọ́n jókòó, ó ti ká ṣòkòtò sókè, ó ti na orúnkún sí wọn.

"Máláàmù, ẹ má bínú, èmi kì í ṣe dókítà orúnkún."

"To. Dókítà kí ni?"

"Dókítà ìrònú. Bí èèyàn ṣe ń ronú, bó ṣe ń rántí nǹkan, bó ṣe ń gbàgbé."

Máláàmù ju ẹsẹ̀ ṣòkòtò sílẹ̀. "Haba! Wọ́n ń sanwó fún ìyẹn náà? Ìyá mi ti ń gbàgbé lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí."

Dókítà rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣàlàyé ohun tó gbé wọn wá. Láti ọjọ́ tí bùbá yẹn ti bá wọn mu, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí àwọn sinmi: ẹni tó ń gbé gbogbo nǹkan sínú orí tí kì í kọ ọ́, ǹjẹ́ orí rẹ̀ ń mú nǹkan dání ju ti ẹni tó ń kọ ọ́ lọ? Wọ́n fẹ́ wá ogún àgbàlagbà tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀ àti ogún mìíràn tó jẹ́ pé ìwé ni iṣẹ́ wọn, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ Hausa, tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ba àwọn àgbà.

Bàbá na sísọ́ọ̀sì sí mi. "Ẹ mú eléyìí. Kò mọ aṣọ gé. Ó lè mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì Dókítà nìyẹn. Ọpọlọ kan wà lórí tábìlì wọn, ọpọlọ oníke tó ṣe é ṣí sí méjì. Mo kọ́kọ́ rò pé ó máa rọ̀ bíi ti ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ó rí wínníwínní, ó lọ́, ó ká, bí àsálà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú èèpo rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e dání. Wọ́n ní apá ọ̀tún rẹ̀ ló ń darí ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì, apá òsì ló ń darí ti ọ̀tún.

"Ta ló gbé e lódì bẹ́ẹ̀, mà?"

"Bó o bá rí i, bá mi bi í."

Wọ́n fi ẹnu bírò kan ibì kan hàn mí nínú lọ́hùn-ún, ní ọ̀gangan etí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni nǹkan tuntun ń gbà wọlé kó tó di ohun tí èèyàn lè pa mọ́. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, èèyàn lè rántí orúkọ ẹṣin tó gùn lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn, kó má rántí bóyá òun ti jẹun. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi yàrá han àlejò.

Iṣẹ́ náà kò le lójú. Ọ̀rọ̀ méjìlá ni: abẹ́rẹ́, òjò, ewúrẹ́, ìgbálẹ̀, odó, iṣu, àga, ẹja, fìtílà, ọbẹ, okùn, ilẹ̀kùn. Màá kà wọ́n fún ẹni náà lẹ́ẹ̀kan, màá ní kó sọ èyí tó bá rántí. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó máa sọ̀rọ̀ mìíràn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, màá tún bi í. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni Dókítà ń fẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe bí mo ṣe ń ka nǹkan ni màá ṣe kà á. Wọ́n gbé aago síwájú mi, wọ́n ní kí n máa kà á sí ara ògiri, títí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi gba àkókò kan náà lẹ́nu mi.

"Bí ohùn rẹ bá tẹ̀ mọ́ ọ̀kan, ìwọ lo bá a rántí ìyẹn. Má mi orí. Má rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé àwọn gbà á, kí lo máa sọ?"

"Màá ní wọ́n gbìyànjú."

"Rárá. 'Ẹ ṣé.' Ó tán."

"Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ńkọ́, mà?"

"'Ẹ ṣé, sà.'"

Ohun kan ṣì kù. Wọ́n fún mi ní bírò méjì, dúdú àti pupa. Wọ́n ní oríṣiríṣi nǹkan ló ń ba orí jẹ́. Òmíràn ò ní àtúnṣe, òmíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tètè mọ̀, àwọn dókítà abẹ́rẹ́ lè tún un ṣe. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí kò bá rántí ju ọ̀rọ̀ méjì lọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n fi bírò pupa fa ìlà sí etí ìwé rẹ̀. Àwọn ní ọ̀rẹ́ ní ọsibítù, àwọn fúnra àwọn á gbé ẹni náà lọ.

"Ìlà yẹn ṣe pàtàkì ju iṣẹ́ mi lọ," wọ́n ní. "Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Mo rìn káàkiri Jos lóṣù yẹn ju bí mo ti rìn rí lọ. Àwọn àgbà kì í gbà kí ọmọdé máa bi wọ́n ní nǹkan. Ìyá arúgbó kan, ará Ọ̀yọ́, tó ń ta ànàmọ́ òyìnbó lọ́jà, jẹ́ kí n ka méjèèjìlá tán, ó wá tẹjú mọ́ mi.

"Ṣé ewúrẹ́ lo ń tà ni?"

"Rárá, mà. Ẹ kàn sọ èyí tẹ́ ẹ bá rántí."

"Kí n máa kà á bí ọmọ iléèwé? Fún ọmọ tí mo lè bí lábí-ìn-bí-tún? Ìwọ kà á, kí n gbọ́. Ká ìwé yẹn."

Mo ká ìwé, mo kà á. Bí mo ṣe parí, ó ní, "O fo odó."

Òótọ́ ni, mo fo odó. Ìyá yẹn ti mú gbogbo rẹ̀ sórí, ṣùgbọ́n kò sọ òmíràn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó sọ ni mo kọ: ọ̀kan, odó. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ní mo tún ti dé, ó sì lé mi. Mo fi bírò pupa fa ìlà bí wọ́n ṣe wí. Nígbà tí mo ròyìn fún Dókítà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n fúnra wọn lọ kí ìyá náà, wọ́n ra ànàmọ́ bọ̀. Wọ́n ní, "O ṣe dáadáa. Ohun tó sọ lo kọ." Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ.

Tíṣà àgbà kan wà ní Lamingo, ará Oǹdó tó ti fẹ̀yìn tì, tó yọ bírò lápò bí mo ṣe ń la ẹnu. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ kọ ọ́. Inú bí wọn. Láìsí bírò, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n rí mú. Ìyá kan tún wà tí ikọ́ ń dà láàmú, tó ti sọ méje, tó ń wá ìkẹjọ, mo sì fa èémí bí ẹni tó fẹ́ pe "fìtílà". Ó gbá a mú lójú ẹsẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mẹ́jọ. Mo sọ fún ara mi pé kí ni èémí. Mo ń sọ èyí kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ọjọ́ kan péré ni mo ṣìṣe.

Láàárín àkókò yìí ni Bàbá ṣubú. Òjò ló rọ̀, àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ti hu ewéédò, ẹsẹ̀ wọn yọ̀, ẹ̀yìn orí wọn sì gbá òpó. Máláàmù ló gbé wọn dìde. "Sannu, Baba, sannu," ó ń kí wọn pẹ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òpó ni kí a lọ kí. Ìyá mi fi òrí ra ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tán.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n tó rí nǹkan. Orí ń fọ́ wọn láàárọ̀. Wọ́n ń sùn lórí máṣíìnì. Lọ́jọ́ kan wọ́n wọn oníbàárà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹni náà rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Wọ́n gé apá agbádá kan, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ ní íńṣì mẹ́ta, wọ́n sì ń bi mí pé ta ló gé e. Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì wọn kò dúró mọ́. Wọn á rìn láti ibi máṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà, sálúbàtà á wà lẹ́yìn, wọn ò sì ní mọ̀.

Ẹsẹ̀ òsì. Mo gbé ọpọlọ oníke dání rí, mo mọ apá tó ń darí ẹsẹ̀ òsì. Màá mú sálúbàtà náà, màá gbé e síwájú wọn, màá ní, "Bàbá, sálúbàtà yín rèé." Mo sọ fún ìyá mi pé àárẹ̀ ni.

Ipò ogójì ni orúkọ Bàbá wà. Dókítà ti mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sí ìgbẹ̀yìn, bí èèyàn ṣe ń fi ẹran sí ìgbẹ̀yìn oúnjẹ. Dókítà fúnra wọn ló fẹ́ wá kà á, ṣùgbọ́n ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé, ìwé kún orí tábìlì wọn. Wọ́n ní kí n lọ.

"Ṣé kò ní nira fún ọ? Bàbá rẹ ni."

"Rárá, mà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo kà á. Máláàmù gbé àga rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà wa láti wòran, oníbàárà méjì náà jókòó. Gbogbo wọn ló mọ orí Bàbá. Máláàmù ti sọ fún wọn pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, Baba Télọ̀ á kó o jẹ. Bàbá fọ ọwọ́, wọ́n gún fìlà wọn, wọ́n jókòó ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Mo kà á bí mo ṣe kà á sí ògiri. Mo mú bírò dúdú dání.

"Abẹ́rẹ́," Bàbá ní.

Mo kọ ọ́.

"Òjò." Wọ́n ń wo ẹnu mi, bíi pé ìyókù ṣì wà níbẹ̀. "Abẹ́rẹ́."

Máláàmù yí ara padà lórí àga. "Haba yaro, taimake shi mana." Ó ní kí n ran bàbá mi lọ́wọ́ díẹ̀, kí ló lè tó bẹ́ẹ̀.

A sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa aṣọ, nípa ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe ní Rantya. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, èyí tẹ́ ẹ bá rántí."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyí tí mo kà fún yín, sà."

"O ka ọ̀rọ̀ fún mi?"

Oníbàárà kan gbójú sí títì. Bàbá wo ọwọ́ wọn, wọ́n wo orí máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi gún etí aṣọ níbẹ̀. "Abẹ́rẹ́," wọ́n ní.

Mo tẹ orí ba, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́, òjò, ewúrẹ́, mò ń kọ ọ́ lọ. Mo fo okùn, mo fo ilẹ̀kùn, kó lè jọ òótọ́. Bírò pupa wà lápò àyà mi, mi ò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ ṣé, sà."

"Ṣé mo gbà á?"

"Ẹ gbà á, Bàbá."

Máláàmù pàtẹ́wọ́. Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí mo fi ṣe é, mo sì ti dáhùn lónírúurú. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ kì í tú àṣírí bàbá rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ì bá wà lọ́wọ́ Dókítà nìkan. Mo rò pé ọjọ́ burúkú kan ni wọ́n bá pàdé. Òótọ́ díẹ̀ ni ìyẹn náà. Èyí tí mo fi pa mọ́ pẹ́ jù ni pé mo fẹ́ kí Dókítà mọ̀ pé ọmọ ẹni tó lórí ni mí.

Dókítà ka ìwé náà, wọ́n fọwọ́ gbá tábìlì. "Mẹ́wàá! Mo mọ̀! Ṣé mi ò wí?" Wọn ò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tú ọpọlọ oníke yẹn, wọ́n tún un tò, bí ọmọdé tínú rẹ̀ dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá jáde láàárọ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọn ò débẹ̀. A wá wọn dé ọjà. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, awakọ̀ típà kan gbé wọn wá sí Kabong. Ó ní ìtòsí ìdídò omi Lamingo lòun ti bá wọn, téèpù wà lọ́rùn wọn, sálúbàtà kan wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń béèrè ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Téèpù yẹn ló fi mọ̀ pé télọ̀ ni wọ́n, ó bá ń bi gbogbo télọ̀ tó rí lọ́nà.

Ìyá mi fọ ẹsẹ̀ wọn nínú ọpọ́n. Ìyá ò gbójú sókè nígbà tí wọ́n bi mí.

"Ìwọ tó ń bá dókítà orí ṣiṣẹ́. Kí ni wọ́n sọ nípa bàbá rẹ?"

Mo wọ bàtà, mo gba Rantya lọ.

Ìrẹsì ni Dókítà ń ṣà lójú fèrèsé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: pé ọ̀kan ni Bàbá sọ, pé mẹ́wàá ni mo kọ, pé wọ́n ti ṣubú ṣáájú ìgbà yẹn, pé mo ti ń mú sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta, mà."

"Dìde. Jẹ́ ká lọ."

Nínú mọ́tò ni wọ́n bi mí bóyá ìwé mìíràn wà bẹ́ẹ̀. Mo sọ ti ìyá oníkọ́. Wọ́n ní, "Àwọn yòókù ńkọ́?" Mo ní kò sí. Nígbà tí a dé Kabong, wọ́n ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?" Kì í ṣe èébú. Ìbéèrè ni.

Ní ọsibítù, wọ́n ní nígbà tí orí gbá òpó, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sun nínú, díẹ̀díẹ̀, láàárín agbárí àti ọpọlọ, lápá ọ̀tún. Ó ń kóra jọ, ó ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Wọ́n lu agbárí níhò kékeré, wọ́n fà á jáde. Ọ̀rẹ́ Dókítà sọ pé ó dúdú bí ọ́ìlì mọ́tò tó ti pẹ́. Ìyá mi bi í bóyá a pẹ́ jù. Ó ní a dé bá wọn láàyè. Ó tún ní bí wọ́n bá ti gbé Bàbá wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ohun tó máa sọnù nínú orí wọn ì bá kéré. Ó sọ ìyẹn sí Dókítà, kò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Dókítà jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. "Èmi náà jẹ̀bi," wọ́n ní. "Mo rán ọmọ lọ fi òṣùwọ̀n wọn bàbá rẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ rí lo gbé wá fún mi, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò." Ṣùgbọ́n wọ́n kó ogójì ìwé náà dànù, gbogbo rẹ̀. Ìyá tó sọ pé mo fo odó wà níbẹ̀, tíṣà ará Oǹdó wà níbẹ̀. Wọ́n fi ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọdún kan. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n rí ní ìgbẹ̀yìn.

Bàbá padà sílé pẹ̀lú orí tí wọ́n fá. Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì dúró. Wọ́n mọ gbogbo wa, wọ́n ń bú Máláàmù, wọ́n ń gé aṣọ lọ tààrà. Ìwọ̀n àwọn oníbàárà àtijọ́ wà lórí wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tuntun kò dúró mọ́. Ẹni tí wọ́n bá wọ̀n láàárọ̀ ti di àlejò lọ́sàn-án. A ra ìwé alábala ọgọ́ta, èmi ni mò ń kọ ìwọ̀n sínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà kan rí ìwé náà, wọn ò padà wá mọ́. Wọ́n ní télọ̀ tó ń kọ nǹkan pọ̀ ní Jos.

Lọ́yẹ́ ọdún kejì, nígbà tí eruku bo gbogbo nǹkan, tí ètè gbogbo wa là, èmi àti Bàbá nìkan la wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kóòtù Máláàmù ni wọ́n ń gé. Ó ti jáde lọ kírun. Mo ti ń gbèrò ọ̀rọ̀ náà láti oṣù púpọ̀.

"Bàbá, ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ fún yín níbí…"

"Ọjọ́ tó o kọ irọ́ yẹn."

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà.

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Ta ló fẹ́ sọ fún mi? Télọ̀ ni mí, mo mọ bí ìlà ṣe gùn tó. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan, bírò rẹ lọ, ó padà, ó tún lọ."

Ọ̀rọ̀ méjìlá ò dúró lórí wọn lọ́jọ́ yẹn, ìrìn bírò mi ló dúró. Dókítà ti sọ fún mi rí pé kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí orí máa gbà àti ohun tó máa tú dànù.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, Bàbá?"

"Níṣojú Máláàmù? Níṣojú oníbàárà? Kí wọ́n máa pè ọ́ ní elékèé nídìí iṣẹ́ oníṣẹ́?" Wọ́n fi eyín gé òwú. "Mo rò pé bá a bá délé, wàá sọ fún mi. Nígbà tó yá, mo gbàgbé pé mò ń retí rẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ègé aṣọ tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, mò ń ba aṣọ oníbàárà jẹ́.

Máláàmù dé, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ nítorí òtútù. Bàbá tún ta téèpù sí i léjìká.

"Méjìdínlógún. Kọ ọ́."

Mo kọ méjìdínlógún. Bàbá ò tíì mú téèpù kúrò. Wọ́n na ọrùn, wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wo nọ́ńbà tí mo kọ bóyá èyí tí wọ́n pè ni, kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí àyà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti ra ìwé náà. Máláàmù rò pé ojú ló ń dùn wọ́n.